Eré Ọkọ̀ Ní Ìdiwọ̀n: GPS Olówó Pọ́ọ́kú àti Àwọn Ọ̀dọ́ Awakọ̀ ní Minna

Bí ẹ bá mú ẹ̀rọ GPS alágbèéká Garmin, irú èyí tí àwọn awọnlẹ̀ máa ń fi kọ́rùn, tí ẹ wọ ibi tí wọ́n to onírúurú ìlànà ìwọnlẹ̀ ayé sí, ẹ óò bá orúkọ Minna níbẹ̀. Kò sí Èkó, kò sí Ìbàdàn, Àbújá pàápàá kò sí. Nítòsí Minna ni òpó ìdiwọ̀n tí wọ́n ń pè ní L40 wà. Láti ibẹ̀ ni àwọn awọnlẹ̀ ayé ìjọba òyìnbó ti gbé ìṣirò tí wọ́n fi ya àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pe ìlànà náà ní Minna Datum títí dòní. Ìwé ilẹ̀ àtijọ́ tí bàbá yín tì mọ́ inú àpótí ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀fà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ìṣirò rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Nínú ìlú yìí kan náà, àwọn ọ̀dọ́ ń fi ọkọ̀ sáré láìní ohun kan tí wọ́n fi ń wọn eré wọn. Ẹ jáde lọ́jọ́ ọdún iléyá, tàbí kẹ́ ẹ tẹ̀ lé àwọn tó ń sin ìyàwó lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ óò rí ọmọkùnrin tó wa Golf tàbí Corolla, tó tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yọrí lójú fèrèsé. Bí wọ́n bá dúró, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀: èmi ni mo yá jù, irọ́ ni, ìwọ lo kọ́kọ́ ṣí. Kò sẹ́ni tó ní ẹ̀rí. Èmi ò sí lára àwọn tó ka ìfẹ́ eré ọkọ̀ sí ìwà ìpáǹle. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó ní ọgbọ́n, ó ní sùúrù, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di ẹnjiníà. Ohun tó ń pa àwọn ọmọ wa ni pé títì tí ìyá arúgbó ń sọdá lọ sọ́jà ni wọ́n sọ di pápá, ojú ọ̀rẹ́ nìkan sì ni adájọ́ wọn. Ẹni tó bá ní ìdiwọ̀n lè máa bá àná ara rẹ̀ díje. Kò nílò kí ọkọ̀ ẹlòmíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójú títì kó tó mọ̀ bóyá òun yá tàbí òun ò yá.

Ìdiwọ̀n yìí ti wọ́n rí. Ilé-iṣẹ́ Racelogic ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ló ń ṣe VBOX, ẹ̀rọ tí àwọn tó ń ṣe mọ́tò fi ń yẹ eré àti bíréèkì ọkọ̀ wò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni wọ́n ń ta àwọn ńlá inú rẹ̀. Ta ni yóò ra ìyẹn ní àdúgbò Kpakungu ní Minna? Ṣùgbọ́n ohun méjì ti ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2000, Ààrẹ Bill Clinton ti Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n dẹ́kun àbùkù tí àwọn ológun ń mọ̀ọ́mọ̀ fi sínú ìró GPS tí aráàlú ń gbà. Kó tó dìgbà náà, ẹ̀rọ aráàlú lè fi nǹkan bí 100 mítà ṣìnà. Ìkejì ni fóònù: bí gbogbo fóònù ṣe wá ní GPS nínú, ojú kékeré tó ń gba ìró sátẹ́láìtì di ohun tí wọ́n ń ṣe ní mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù, owó rẹ̀ sì já wálẹ̀. Lónìí, ọ̀kan lára wọn, NEO-6M, tí u-blox ti ilẹ̀ Switzerland ya àwòrán rẹ̀, kò tó dọ́là 10 lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà tó ń tà á lórí pátákó kékeré. Àwọn tó ń tajà ẹ̀rọ ní Computer Village ní Ìkẹjà mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà lára ìtàn eré ọkọ̀ àti GPS yìí ju bí a ṣe rò lọ. Láti 1978 títí di 1992, eré Rallye Côte d'Ivoire wà lára àwọn eré tí wọ́n ń kà fún ife ẹ̀yẹ àgbáyé nínú eré ọkọ̀ rally. Kó tó dìgbà náà, wọ́n ń pè é ní Bandama, ní 1972 sì rèé, kò sí ọkọ̀ kankan tó parí rẹ̀. Àwọn tó sá eré inú aginjù tún rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1977, Thierry Sabine, ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọnù pẹ̀lú alùpùpù rẹ̀ nínú Sàhárà nígbà eré láti Abidjan sí Nice. Wọ́n rí i láàyè. Kàkà kó sá fún aginjù, ńṣe ló dá eré Paris-Dakar sílẹ̀, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ sá ní òpin 1978. Ní oṣù Kìíní 1982, Mark Thatcher, ọmọ olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, sọnù nínú eré yìí fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ní láti gbé ọkọ̀ òfurufú dìde láti wá a. Kọ́ńpáàsì àti ìwé ni gbogbo wọn ń lò. Ọdún 1992, nígbà tí wọ́n sáré láti Paris dé Cape Town, ni GPS kọ́kọ́ wọ inú eré náà. Ọmọ olówó ló wà fún nígbà yẹn. Lónìí, fóònù akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ní Bosso ní Minna mọ ibi tí ó wà ju ti àwọn yẹn lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò ra ohun tí kò yẹ. Àwọn sátẹ́láìtì GPS ń yí ayé po ní gíga nǹkan bí 20,200 kìlómítà, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aago átọ́míìkì nínú. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín ń gbọ́ aago wọn, ó ń fi bí ìró ṣe pẹ́ tó lójú ọ̀nà ṣírò jíjìnnà ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó bá sì ti gbọ́ mẹ́rin, ó mọ ibi tí ó wà. Ibi tó bá pè lè fi mítà méjì tàbí mẹ́ta yẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́ èyí, wọ́n sì sọ pé kò lè wúlò fún eré ọkọ̀, nítorí mítà mẹ́ta pọ̀ lójú ọ̀nà. Wọ́n gbàgbé pé ọ̀nà mìíràn ni ẹ̀rọ náà ń gbà mọ eré. Minna jẹ́ ìlú rélùwéè, ojú irin tó wá láti Èkó àti èyí tó wá láti Baro níbí ni wọ́n ti pàdé, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó dàgbà sí ìtòsí ibùdókọ̀ náà mọ̀ pé ohùn fèrè rélùwéè máa ń tinrin bó bá ń bọ̀, ó sì máa ń kì bó bá ti kọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìró sátẹ́láìtì ń yí padà létí ẹ̀rọ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré. Nínú ìyípadà yẹn ni NEO-6M ti ń mọ eré yín, àṣìṣe rẹ̀ kò sì ju ìdá mẹ́wàá mítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, ìyẹn kò tó ìdajì kìlómítà ní wákàtí. Nínú ohun tó ń kọ sílẹ̀, eré ló ṣeé gbára lé jù.

Ohun tó ń kọ náà rèé. Bí ẹ bá so ẹ̀rọ kékeré yìí mọ́ mẹ́mórì káàdì, tí ẹ gbé ọkọ̀ jáde, tí ẹ padà wá ṣí fáìlì rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, irú ìlà tó bẹ̀rẹ̀ báyìí ni ẹ óò bá, ó lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún:

$GPRMC,091532.00,A,0937.0421,N,00632.8810,E,031.4

Ó dà bí ògèdè, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. 091532 ni aago: mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti àáyá 32, ní aago àgbáyé, èyí tó fi wákàtí kan kéré sí tiwa. Lẹ́tà A sọ pé ẹ̀rọ rí sátẹ́láìtì tó tó. Bó bá jẹ́ V, ẹ má gba ìlà yẹn gbọ́. Nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ lé e ni ibi tí ọkọ̀ wà: ìwọ̀n 9 àti ìṣẹ́jú 37 sí àríwá, ìwọ̀n 6 àti ìṣẹ́jú 32 sí ìlà oòrùn. Minna nìyẹn. Èyí tó kẹ́yìn nínú apá tí mo kọ yìí ni eré, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì ló fi kà á, torí ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìlànà yìí fún. Ẹ fi 1.852 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò fún yín ní kìlómítà 58 ní wákàtí.

Ìlà mélòó ló yẹ kó kọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan? Ibí ni owó ti ń wọlé sí ọ̀rọ̀, ibí náà sì ni àwọn tó ń tajà ti ń tan èèyàn. Ọ̀pọ̀ fóònù ń kọ ẹyọ kan. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí máa ń rin nǹkan bí mítà 28 ní àáyá kan, nítorí náà àmì méjì tí fóònù fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà á jìnnà síra tó ilé méjì tàbí mẹ́ta. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì gidi láti orí eré yẹn, àáyá mẹ́ta tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò fi dúró. Fóònù á kọ ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré nípa gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ò lè rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ́, ẹ ò sì lè rí ibi tó ti dẹ ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kọ ìgbà 10 á fi àmì kan sílẹ̀ ní gbogbo mítà mẹ́ta, ìyẹn sì tó fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀rọ GPS eré ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní RaceBox Mini ń kọ ìgbà 25. Ó dára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ lè ra táyà tuntun méjì, táyà tuntun ni màá sì kọ́kọ́ rà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fọwọ́ ara yín kọ́ ọ, ẹ kíyè sí ohun kan tó ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn ju ẹ̀rọ wọn nù. Bí wọ́n ṣe ń ta NEO-6M, 9600 ni eré tó fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ìyẹn kò lè gbé ju nǹkan bí lẹ́tà 960 lọ ní àáyá kan, bẹ́ẹ̀ oríṣi ìlà mẹ́fà ló ń kọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ní kó kọ ìgbà márùn-ún láàárín àáyá kan láìtún nǹkan kan ṣe, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ẹ gbé e sókè sí 115200, kẹ́ ẹ sì pa gbogbo ìlà tí ẹ kò lò, yàtọ̀ sí RMC, irú èyí tí a kà lókè, àti GGA. Pátákó kọ̀ǹpútà kékeré ESP32 kan, mẹ́mórì káàdì kan, bátìrì fóònù àlòkù kan, ó ti tán. Ẹni tí kò fẹ́ fọwọ́ kan irin gbígbóná tí wọ́n fi ń lẹ wáyà lè fi RaceChrono sórí fóònù Android rẹ̀, kó sì so ojú GPS tó dára mọ́ ọn nípasẹ̀ Bluetooth. Áàpù yẹn ń ka àkókò àyíká kọ̀ọ̀kan, ó sì ń to àyíká méjì lé ara wọn kẹ́ ẹ lè rí ibi tí ọ̀kan ti gba iwájú.

Ibi tí ẹ gbé antenna sí ṣe pàtàkì ju iye tí ẹ ra ẹ̀rọ lọ. Àwo pẹlẹbẹ kékeré ni, ojú ọ̀run ló fẹ́ wò. Orí òrùlé ọkọ̀ ló dára jù, torí irin abẹ́ rẹ̀ tún ń ràn án lọ́wọ́. Orí dáṣíbọ́ọ̀dù náà dára, bí gíláàsì iwájú kò bá ní irin tó ń dènà oòrùn nínú. Àpò ṣòkòtò kò dára rárá. Ohun kan á yà yín lẹ́nu lọ́jọ́ àkọ́kọ́: aago eré inú ọkọ̀ á sọ pé 100, GPS á sọ pé 94. Ẹ má rò pé GPS ló ń purọ́. Ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò gbà kí aago ọkọ̀ pe eré kéré sí bó ṣe rí, ṣùgbọ́n ó gbà kó bù díẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí táyà tòkunbọ̀ tí wọ́n fi sí i kò bá bá ìwọ̀n tí ọkọ̀ gbé wá mu, aago náà tún ṣìnà sí i.

Ohun méjì wà tó jẹ́ ti àdúgbò wa. Bí ẹnì kan bá yí ẹ̀rọ rẹ̀ sí Minna Datum nítorí ó rí orúkọ ìlú rẹ̀, tó sì wá gbé ìrìn ọkọ̀ náà sórí Google Maps, nǹkan bí mítà 80 ni gbogbo ọ̀nà náà á fi yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ. Ọkọ̀ á máa sáré gba inú ilé onílé. WGS 84 ni GPS ń sọ, òun ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ìkejì ni alẹ́. Ìlà tí a lè pè ní ìbàdí ayé ní ti agbára òòfà gba òkè ọya ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá, kò sì jìnnà sí Minna. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, afẹ́fẹ́ òkè réré tí ìtànṣán ti sọ di oníná máa ń hó lókè ibẹ̀, ìró sátẹ́láìtì á sì máa gbọ̀n bó ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. Oṣù Kẹta, Ìkẹrin, Ìkẹsàn-án àti Ìkẹwàá ló máa ń le jù. Nítorí náà, bí àkọsílẹ̀ yín ní aago mẹ́jọ alẹ́ bá ń fò bí eéṣú, ẹ dúró dòwúrọ̀ ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Kí ni ẹ fẹ́ fi gbogbo nọ́ńbà yìí ṣe? Mo mú àpẹẹrẹ kan. Wọ́n to kóònù sílẹ̀, ọkọ̀ yí kọ́nà kan tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 25, GPS sọ pé kìlómítà 54 ní wákàtí ló fi yí i, ìyẹn mítà 15 ní àáyá kan. Ẹ sọ 15 di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, ẹ fi 25 pín in: 9. Agbára tí ayé fi ń fa nǹkan wálẹ̀ jẹ́ 9.8. Táyà ọkọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ lo gbogbo agbára tó ní. Bí awakọ̀ bá fi kìlómítà 60 wọ kọ́nà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, yóò di 11, táyà lásán kò sì lè gbé e; ọkọ̀ á yọ̀ jáde. Ọmọ ọdún 20 tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí ìṣirò yìí lórí ọkọ̀ ara rẹ̀, láàárín kóònù tí kò lè pa ẹnikẹ́ni, á mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní kọ́nà ojú ọ̀nà Bida kó tó dé ibẹ̀. Mi ò mọ ìwàásù ààbò ojú pópó tó lè kọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Wole Ṣóyínká tó kọ́kọ́ ṣe alága Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1988 jẹ́ olùkọ́ kó tó dé ipò yẹn, mo sì gbà pé ẹ̀kọ́ ló yẹ kí iṣẹ́ àjọ náà jẹ́ ṣáájú ìyà.

A ní àwọn tó lè ṣe é. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Minna láti 1983, wọ́n ń kọ́ èèyàn ní ìmọ̀ ìwọnlẹ̀, wọ́n ń kọ́ mẹkatírọ́níìkì, wọ́n ń kọ́ ẹ̀rọ. Ní 2014, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó àti ti Benin gbé ọkọ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe lọ sí ìdíje Shell Eco-marathon ní Rotterdam, níbi tí ẹni tó bá fi epo tó kéré jù rìn jìnnà jù ti ń borí. Ìdíje yẹn gan-an fẹ́ àkọsílẹ̀: ibo ni ẹ ti dẹ tọ́tù, ibo ni ẹ ti jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀? Ẹ̀rọ tí kò tó dọ́là 10 lè dáhùn rẹ̀. Ugo Ugochukwu, ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí wọ́n bí ní New York ní 2007, gba ipò kìíní nínú eré Macau ní oṣù Kọkànlá 2024. Láti orí ọkọ̀ kart ni irú àwọn bẹ́ẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí kíka àkọsílẹ̀ lẹ́yìn àyíká kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré.

Ohun tó ṣẹ́ kù ni ilẹ̀. Àwọn kan á ní kí wọ́n lọ sá eré wọn nínú igbó. Ta ni yóò rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ọ̀nà Shiroro, Munya tàbí Rafi báyìí, pẹ̀lú àwọn ajínigbé tó wà níbẹ̀? Ọ̀nà Suleja àti ti Bida sì rèé, àwọn ọkọ̀ tańkà àti tírélà ti fọ́ wọn. Ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdáhùn tí wọ́n rí sí i kò náwó: wọ́n gba ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá kan lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n to kóònù, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, aago ló sì ń bá díje. Eré rẹ̀ kì í sábà ju ti ojú títì lọ. Àṣíborí, kóònù, dókítà kan, ọkọ̀ tó lè gbé aláìsàn, èèyàn tó ń mójú tó ẹnu ọ̀nà: ohun tí wọ́n nílò nìyẹn. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé àkọsílẹ̀ yín síta fún àwọn ọ̀rẹ́ láti wò, ẹ gé ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, torí ó máa ń fi ilé tí ẹ sùn hàn, kò sì yẹ kí àlejò mọ ìyẹn ní àsìkò tí a wà yìí.

Mò ń bẹ àwọn aláṣẹ yunifásítì ní Gidan Kwano, ẹ̀ka Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ní Ìpínlẹ̀ Niger, àti ìjọba ìpínlẹ̀: ẹ yọ̀ǹda ilẹ̀ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ti da ọ̀dà sí, ní Sátidé kan lóṣù, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka ìwọnlẹ̀ wá fi ìlà ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀ka mẹkatírọ́níìkì wá pín ẹ̀rọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ má dúró de ọjọ́ yẹn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé RaceChrono sórí fóònù yín lónìí, ẹ wakọ̀ jẹ́jẹ́ láàárín ìlú lórí eré 50 tí òfin gbà, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àkọsílẹ̀.